Rédíò ní òjò oṣù kẹjọ pé, àgbàdo mi sì ń ká lọ: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè

Òkun o, ọmọ mi. Ẹ̀bá Mọ̀pà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mò ń dáko, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù. Òjò rọ̀ gan-an níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́ta ló fi rọ̀ tí omi ń gba poro kọjá, inú mi dùn, mo gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ 8. Látìgbà yẹn òjò ò rọ̀ mọ́, àfi wìnnìwìnnì tí ò lè fọ ewé. Sánmọ̀ á ṣú látàárọ̀ dalẹ́, otútù á mú wa, òjò ò ní rọ̀. Ewé àgbàdo ti ń ká bí ẹní. Oṣù wá parí, mo gbọ́ lórí rédíò pé òjò oṣù kẹjọ lágbègbè wa pé iye tó máa ń rọ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Ṣé kí n hú àgbàdo yìí kí n tún òmíràn gbìn, àbí ẹ̀wà ni kí n gbìn? Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí mo ká náà ò gbẹ, ó ti fẹ́ máa bu.

Ìdáhùn

Màmá, òkun o, ẹ kú làálàá oko, ẹ sì kú ìfaradà sánmọ̀ tó ń ṣú tí ò mú nǹkan kan wá. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí torí ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbẹ̀ wa, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n á ní àwọn tó ń wọn òjò ò mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lóko.

Rédíò ò purọ́, ẹ̀yin náà ò purọ́. Iye omi tó rọ̀ láti ọjọ́ 1 títí dé ọjọ́ 31 ni wọ́n rò pọ̀, wọ́n wá fi wé ti àwọn ọdún tó ti kọjá, ó sì bára mu, ìyẹn ni wọ́n kà síta. Ẹ̀yin ń sọ bí omi yẹn ṣe pín. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn gan-an ló kan irúgbìn, ó yẹ kí wọ́n máa kà á mọ́ ọn, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré ṣàlàyé ẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ìwọ̀n ìlú kankan. Ká sọ pé abúlé méjì wà, mílímítà 180 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lóṣù kẹjọ. Ní ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 15 lòjò rọ̀, mílímítà 12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá rọ̀ lónìí á dá lọ́la, á tún rọ̀ lọ́tùn-únla. Ní ti ìkejì, ọjọ́ mẹ́ta péré lòjò rọ̀, 70, 60, 50, gbogbo ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ 24 tó kù ò sí nǹkan kan. Nínú ìwé, 180 ni méjèèjì, ẹni tó bá ń ka ìròyìn á ní òjò pé níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo oko wọn! Òjò tó bá ya lulẹ̀ tó 70 láàárín wákàtí méjì, ilẹ̀ ò lè mu ún tán, ìwọ̀nba tó bá ráyè wọlé ló máa wọlé, ìyókù á gba poro lọ, á gbé ilẹ̀ dúdú tó wà lókè ebè dání, á já sódò, á di ti odò Kampe. Oko yín nìkejì yẹn, màmá, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí.

Mílímítà tí à ń pè yìí gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ ọ ni, wọn ò mọ bó ṣe tó. Mílímítà kan òjò ni lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ẹ mú plọ́ọ̀tì ilé kan, ẹsẹ̀ 50 sí 100, tí mílímítà kan ṣoṣo bá rọ̀ sórí ẹ̀, omi tó bọ́ síbẹ̀ lé ní lítà 460, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìdínlógún kún fọ́fọ́, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì láti odò lọ bomi rin ẹ̀fọ́ lákùrọ̀ rí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Oko tí irúgbìn bá sì ti bo ilẹ̀ ẹ̀, lóṣù kẹjọ tí oòrùn ò mú, á máa pàdánù tó mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, èyí tí irúgbìn mu àti èyí tí atẹ́gùn fà lọ (lásìkò ooru oṣù kẹta ó máa ń ju 5 lọ). Àgbàdo yín ò tíì bo ilẹ̀, kò tíì máa mu tó yẹn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀ ṣì kúrú, òkè ilẹ̀ tó kọ́kọ́ ń gbẹ náà ló ti ń mu, ìdí ẹ̀ rèé tó fi tètè ń ká ewé bó tiẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá walẹ̀ jìn díẹ̀ ẹ lè bá ọ̀rinrin níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí sánmọ̀ fi ń ṣú tí òjò ò rọ̀? Ohun táwọn èèyàn ń pè ní ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì nìyẹn, ìsinmi tí òjò máa ń gbà nínú oṣù kẹjọ. Atẹ́gùn méjì ló ń bá ara wọn fà á lórí ilẹ̀ wa látọdún dọ́dún, ọ̀kan ń bọ̀ látinú òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, omi ló kún inú ẹ̀, ìkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbígbẹ ni, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Ibi tí wọ́n ti pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀lé. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ etí òkun, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹjọ ó ti lọ jìnnà gan-an sókè, ó ti kọjá Kánò àti Sókótó, ó ti wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Òjò ńlá, òjò àrá àti ìjì, kì í wà níbi tí wọ́n ti pàdé yẹn gan-an, ó máa ń wà ní gúúsù ẹ̀ díẹ̀, nítorí náà lóṣù kẹjọ ọ̀dọ̀ àwọn ará Kánò lọ́hùn-ún ni ìgbànú òjò yẹn wà, ìgbà yẹn ni tiwọn ń pọ̀ jù lọ lọ́dún. Àwa wà lẹ́yìn ẹ̀. Atẹ́gùn òkun ṣì ń fẹ́ bá wa, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń rin, tí aṣọ ò gbẹ lórí okùn, ṣùgbọ́n omi òkun fúnra ẹ̀ máa ń tutù nínú oṣù keje sí ìkẹsàn-án ní etíkun Gánà títí wá sí Èkó, atẹ́gùn tó sì ti orí omi tútù wá kì í lágbára láti gòkè. Kùrukùru á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lórí wa bí aṣọ, kò ní ga, òjò tó nípọn ò sì lè ti inú kùrukùru tí ò ga jáde. Wìnnìwìnnì nìkan ló mọ̀.

Ibi tó ká mi lára jù rèé o, torí ó kan àwa Òkun, àwa Yorùbá Kogí, gan-an. Bíréèkì yìí máa ń hàn dáadáa l'Ékòó àti n'Íbàdàn, bí èèyàn bá ṣe ń lọ sókè, sí àríwá, ló ń dín kù, tó bá fi máa dé Àbújá kò sí mọ́, oṣù kẹjọ wà lára àwọn oṣù tí òjò wọn pọ̀ jù. Àwa wà láàárín. Kàbà ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ìbàdàn tó bá jẹ́ ti àríwá sí gúúsù là ń sọ, kò sì jìnnà sí Àbújá. Ọdún mìíràn a óò ṣe bí Ìbàdàn, òjò á dá fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ọdún mìíràn a óò ṣe bí Àbújá, òjò á máa rọ̀ lọ ràì, àgbẹ̀ á máa wá oòrùn tí á fi gbẹ àgbàdo. Ẹni tó bá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣètò tọdún yìí, ó lè gbà fún un, ó sì lè bà á jẹ́. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì torí òjò ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Màmá, ẹ má bínú, mi ò fi bá yín wí, bó bá jẹ́ èmi ni mo rí omi tó ń gba poro, ọkàn mi náà á fà sí i.

Ọ̀rọ̀ "pé iye tó máa ń rọ̀" yẹn tún wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ kárí ayé, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń pín dọ́gba, èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni ọdún 1991 sí 2020, ohun tó bá sún mọ́ ọn ni wọ́n ń pè ní nọ́máàlì. Nọ́máàlì ò túmọ̀ sí dáadáa o! Nínú ọgbọ̀n ọdún yẹn, ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ wà ńbẹ̀, ọdún àkúnya wà ńbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n pò pọ̀. Tún wò ó, níbo ni wọ́n ti wọn òjò tí wọ́n kà lórí rédíò? Tó bá jẹ́ Lọ́kọ́jà ni, Lọ́kọ́jà wà nínú kòtò níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ilẹ̀ tiwa lókè yìí ga jù ú lọ dáadáa, òkè àpáta pọ̀, òjò wa kì í bá tiwọn dọ́gba. Kódà láàárín wa níhìn-ín, òjò lè ya ní Mọ̀pà kí eruku máa sọ lálà l'Ẹ́gbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èèyàn á dúró lójú títì á máa wo òjò tó ń bọ̀, á dé oko aládùúgbò, á yà.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ irú ìròyìn oṣù bẹ́ẹ̀, iye àpapọ̀ nìkan ò tó, ẹ bèèrè pé ọjọ́ mélòó ló rọ̀, ọjọ́ mélòó ló dá léra wọn láì rọ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan tó mélòó, ibo ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ èmi ni mo máa mú ọ̀kan nínú ẹ̀, iye ọjọ́ tó dá léra ni mo máa mú.

Ó yá, àgbàdo yín. Ẹ má hú u! Ẹ jí lọ sóko láàárọ̀ kí oòrùn tó là, ẹ wo ewé ẹ̀. Tí ewé tó ká lọ́sàn-án bá ti tú sílẹ̀ láàárọ̀, àgbàdo yẹn wà láyé, ń ṣe ló ká ara ẹ̀ jọ kí omi má bàa jáde lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láàárọ̀ náà ó ṣì ká, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ẹ tún fi ọkọ́ walẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́. Tó bá dì mọ́ra nígbà tẹ́ ẹ ṣíwọ́, omi ṣì wà, tó bá tú ká bíi gààrí, omi ti tán. Àgbàdo kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa ń fara da ọ̀dá gan-an, òjò kan tó dáa á gbé e dìde. Ìgbà tí ọ̀dá ń pa á tí kò ní àtúnṣe ni ìgbà tó bá fẹ́ pọnmọ, nígbà tó ń yọ òdòdó lórí tó ń yọ irun lẹ́nu ọmọ.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tó bá jẹ́ irú àgbàdo tó máa ń tètè gbó, ti bí àádọ́rùn-ún ọjọ́, á máa yọ òdòdó ní bí ọjọ́ 50. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ lẹ gbìn ín, á bọ́ sí òpin oṣù kẹsàn-án, ní nǹkan bí ọjọ́ 27. Ìgbà yẹn gan-an ni ìgbànú òjò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ padà láti òkè Ọya, tó ń gba orí wa kọjá, oṣù kẹsàn-án wà lára àwọn oṣù tí òjò wa máa ń pọ̀ jù. Ó bọ́ sí i. Ẹ wá wo ti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tún gbìn, ká ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án lẹ gbìn ín, àádọ́ta ọjọ́ ẹ̀ á bọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, ìgbà tí àrọ̀kúrò ti ń palẹ̀ mọ́. Á pọnmọ sínú gbígbẹ. Èyí tó ti wà nílẹ̀ ló ní ìrètí, èyí tuntun ò ní.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún un ni kẹ́ ẹ ro koríko kúrò ní kíá torí koríko ń bá a mu omi díẹ̀ tó kù, kẹ́ ẹ sì fi koríko tẹ́ ẹ ro náà bo ìdí ẹ̀ tó bá ti gbẹ. Fatiláísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ́n ọn, pàápàá yùríà. Owó ńlá ni báyìí, tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sórí ilẹ̀ gbígbẹ, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni atẹ́gùn máa gbé lọ. Ẹ dúró kí òjò gidi kan rọ̀, kí ilẹ̀ rin, kẹ́ ẹ wá gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tó bá ti kú pátá, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi dí i. Ẹ̀wà tó ń tètè gbó, bí 60 sí 75 ọjọ́, tẹ́ ẹ bá gbìn ín lọ́sẹ̀ yìí á máa gbó nígbà tí òjò ti dá, èyí sì dáa fún un, torí òjò tó bá ń pa èèpo ẹ̀wà tó ti gbó ló ń mú un jẹrà. Ẹ kàn ṣọ́ kòkòrò nígbà tó bá ń yọ òdòdó, kòkòrò ló máa ń bá ẹ̀wà jà ju ọ̀dá lọ.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ tó ń bu, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń kọ mí lóminú ju ti inú oko lọ, torí ìyẹn wọ inú èèyàn. Oṣù kẹjọ ni ọ̀sán máa ń tutù jù lọ́dún, atẹ́gùn rin, àgbàdo tẹ́ ẹ tẹ́ sórí ilẹ̀ lásán á máa fa ọ̀rinrin láti ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tàpólì tàbí sórí pẹpẹ, kó fẹ́lẹ́, ẹ máa tú u lójoojúmọ́, ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sọ̀. Èyí tó bá ti bu, ẹ ṣà á kúrò. Ẹ má fi ṣe ògì, ẹ má fún adìyẹ jẹ, májèlé kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bà jẹ́, sísè ò sì pa á. Láti mọ̀ bóyá ìyókù ti gbẹ, ẹ wá ìgò kan tó mọ́ tó gbẹ, ẹ da àgbàdo sínú ẹ̀ kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí méjì sí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ má rọ ọ́ sápò. Tí iyọ̀ bá ń yọ̀ káàkiri lómìnira, ó ti tó.

Ẹnì kan lè ka èyí kó ní tí òjò bá fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ wa, a jẹ́ pé Lọ́kọ́jà ò ní kún lọ́dún yìí. Rárá o. Omi tó kún Lọ́kọ́jà lọ́dún 2012 àti 2022, tó dí títì Àbújá pa, púpọ̀ nínú ẹ̀ ọ̀nà jíjìn ló ti wá, odò Ọya gbé tiẹ̀ wá láti àríwá, Bẹ́núè gbé tiẹ̀ wá láti ìhà Kamẹrúùnù. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ń gbé etí odò lọ́hùn-ún, òjò Mọ̀pà ò ní sọ nǹkan kan fún un, kó máa gbọ́ ìkìlọ̀ àkúnya.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí, kí ọmọ ọmọ yín tó ń tẹ fóònù yìí bá yín ṣe é. Kó wá agolo tó dúró gbọọrọ, tí ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, irú agolo mílíìkì ńlá, kó so ó mọ́ igi kan tó ga tó ìbàdí, kó gbé e sí gbalasa. Kó má sún mọ́ igi tàbí ilé, tí igi bá ga mítà 5, kó fi tó mítà 10 jìnnà sí i, torí ewé á gba òjò dúró, á sì tún máa kán an lẹ́yìn tí òjò ti dá. Láràárọ̀ ní aago kan náà, kó ti rúlà bọ inú ẹ̀ tààrà, kó ka mílímítà tó wà ńbẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, kó da omi nù. Ọjọ́ tí kò bá rọ̀, kó kọ òdo, kó má kàn fò ó. Àwọn òdo yẹn ni mo fẹ́ rí jù. Mo ti gbé agolo irú ẹ̀ rí láàárọ̀ tí mo bá kòkòrò méjì àti ewé máńgòrò kan tó bo ẹnu ẹ̀ pátá, òjò ti rọ̀ mọ́jú, inú agolo gbẹ, èmi náà ì bá ti kọ òdo sílẹ̀ ká ní mi ò wo ẹsẹ̀ ara mi tó ti rin gbingbin. Kó máa wo ẹnu ẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Tó bá ti kọ ti oṣù kẹsàn-án tán, kó ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n bá kà lórí rédíò, a óò jọ wò ó bóyá á ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́dún tó ń bọ̀, àbí ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ máa bá lọ.